Ọkọ̀ Tó Ń Súfèé Lórí Eré: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Fà Á, Kí Ẹ sì Tún Un Ṣe

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ tó ń súfèé lọ bá mẹkáníìkì, kí ẹ sì tó náwó lórí pátì kankan, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ìró náà ń tẹ̀ lé? Ṣé eré tí ọkọ̀ ń sá ni, àbí ẹ́ńjìnnì, àbí táyà àti bùrékì? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohùn tó dà bíi fèrè lára mọ́tò, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ń fà á, ìtọ́jú wọn kò sì jọra rárá. Ẹni tí rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gan, tó wá lọ pààrọ̀ fáànbẹ́líìtì, owó rẹ̀ ti wọgbó. Ẹni tí bùrékì rẹ̀ ń ké pé òun ti tán, tó ń rò pé atẹ́gùn lásán ni, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré.

Fún àwa tí à ń wakọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ló jẹ́ tòkunbọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì iwájú àwọn kan, wọ́n ti kan ara àwọn mìíràn, kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti yan rọ́bà gbẹ, tí ọyẹ́ sì dé pẹ̀lú eruku, ohun tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́dún tó kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ tẹ́tí sí i lójú kan

Ẹ gbé ọkọ̀ sí gbangba, kì í ṣe inú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ fa háńdì bùrékì, ẹ fi jíà sí P, tàbí sí fírì tó bá jẹ́ ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ sitáàtì ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnì kejì yín rọra tẹ iná títí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á fi dé nǹkan bí 2,500, kó sì rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, ìborùn tàbí ẹ̀wọ̀n ọrùn sún mọ́ bẹ́líìtì tó ń yí. Ẹ ṣọ́ra fún fáànù rédíétọ̀ pẹ̀lú, nítorí èyí tó ń lo iná mànàmáná lè dédé yí lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì.

Tí ẹ bá gbọ́ súfèé náà bí ọkọ̀ ṣe dúró, inú ẹ́ńjìnnì tàbí síléńsà ló ti ń wá. Ẹ kò nílò títì fún un mọ́. Tí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ múra ìrìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbé e lọ sójú títì

Inú ìlú kò dára fún ìdánwò yìí. Láti Tákìé lọ sí Sábó, ọ̀kadà àti èrò pọ̀ ju kí ẹ lè sá eré tí ohùn náà nílò. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ràn jù, lójú ọ̀nà Ìlọrin, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání. Iṣẹ́ awakọ̀ ni kó wo iwájú. Ẹni tó jókòó tì í ni kó máa tẹ́tí, kó máa sọ bóyá ọ̀tún ni àbí òsì, òkè ni àbí ẹsẹ̀. Ẹ pa rédíò, ẹ pa éèsì, ẹ yí gbogbo gíláàsì sókè.

Ẹ rọra gun orí eré, kí ẹ sì kíyè sí iye tí ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti ń dún dáadáa, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Tó bá dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nígbà tí eré ọkọ̀ kò tíì wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni. Tó bá ń bá a lọ, tó sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ bí eré ṣe ń dínkù, afẹ́fẹ́ òde ni tàbí táyà. Ẹ má ṣe pa ẹ́ńjìnnì lórí eré láé nítorí ìdánwò yìí: sítíárìn á le, agbára tó ń ran bùrékì lọ́wọ́ á sì tán.

Àwọn Toyota Camry àti Corolla àtijọ́ tó ní bọ́tìnnì O/D (overdrive, jíà tó ga jù lọ) lára ọwọ́ jíà mú iṣẹ́ yìí rọrùn. Tí ẹ bá wà lórí 70 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ tẹ bọ́tìnnì náà kí O/D OFF tàn. RPM á gòkè, eré ọkọ̀ kò sì ní yí padà. Tí ohùn súfèé bá ga sí i bí RPM ṣe ga, ẹ́ńjìnnì ni. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo dígí ẹ̀yìn, kí ẹ sì rọra fọwọ́ kan bùrékì. Ohùn tó yí padà tàbí tó dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ bùrékì, inú táyà ni kí ẹ ti wá a. Tí títì bá dá, ẹ rọra yí sítíárìn sọ́tùn-ún díẹ̀, kí ẹ yí i sósì díẹ̀. Bíárìn táyà tó ti ń jẹ sábà máa ń dún sí i tí ìwúwo ọkọ̀ bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé híhùn ló sábà máa ń ṣe ju súfèé lọ.

Ọgbọ́n kan wà tó jẹ́ ti agbègbè wa. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, ìhà ibẹ̀ gan-an sì ni Ìlọrin wà sí wa. Nítorí náà, lásìkò ọyẹ́, ẹni tó ń lọ Ìlọrin ń forí kọ atẹ́gùn, ẹni tó ń bọ̀ ń gbà á lẹ́yìn. Tí ọkọ̀ bá súfèé lórí 80 nígbà tí ẹ ń lọ, tó sì dákẹ́ lórí 80 kan náà nígbà tí ẹ ń bọ̀, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ òde ni

Irú èyí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ kò bá tíì tó 60 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ ń fi agbára gba ibi tóóró kan kọjá, ibẹ̀ sì ń dún bí ẹnu ìgò tí ènìyàn ń fẹ́. Ibi tóóró yẹn lẹ ń wá.

Ẹ ra téèpù oníwèé, èyí tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi ń bo gíláàsì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àwọn ilẹ̀kùn níta, kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ tí ẹ ó gbà wọlé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ yí gíláàsì iwájú ká. Ẹ padà sójú títì, ẹ sá iye eré àkọ́kọ́. Tí ìró náà bá ti lọ, ẹ máa ṣí téèpù ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa dán an wò. Ibi tí ẹ ṣí tí súfèé fi padà ni ihò wà. Tí kò bá lọ rárá, ilẹ̀kùn tí ẹ kò lẹ̀ ló kàn. Ẹ yọ gbogbo téèpù kúrò lọ́jọ́ náà; tí oòrùn bá sè é mọ́ ara ọkọ̀, ó lè ṣí ọ̀dà.

Fún ilẹ̀kùn, ẹfun tó wà nílé tó o. Ẹ fi ẹfun kun rọ́bà ilẹ̀kùn yíká, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tún ṣí i. Gbogbo ibi tí rọ́bà bá ti fara kan irin, ẹfun á ti mọ́ irin náà lára. Ibi tí kò sí ẹfun lára irin, ibẹ̀ ni kò pàdé. Ẹ tún lè fi owó bébà há a, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì rọra fà á: tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ìdènà, rọ́bà ibẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ẹ má tíì sáré ra rọ́bà tuntun. Ẹ fi omi ọṣẹ àti akísà fọ èyí tó wà níbẹ̀ dáadáa, pàápàá eruku tó ti dì sínú kòtò rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi òróró sílíkọ́ọ̀nù pa á. Kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe kẹrosíìnì, kì í sì í ṣe jẹ́lì ìpara: gbogbo wọn ló ń mú rọ́bà wú, tí wọ́n sì ń bà á jẹ́. Rọ́bà tó ti yọ kúrò lójú ihò rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tì í padà. Èyí tó ti ya nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Tí rọ́bà bá dára tí ilẹ̀kùn kò sì wọlé dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn náà rí. Pánẹ́ẹ̀lì bítà tó mọṣẹ́ á tú irin tí kọ́kọ́rọ́ ń há sí, á sún un wọlé díẹ̀, á sì dè é padà. Iṣẹ́ kékeré ni.

Gíláàsì iwájú lọ́rọ̀ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ rí, ihò lè wà nínú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹnì kan máa rọra da omi sí etí gíláàsì láti òkè. Ibi tí omi bá gbà wọlé, afẹ́fẹ́ náà ń gba ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù kùn ún látìta, èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí omi tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ á máa jẹ irin lọ láìsí ẹni tó rí i. Kí oníṣẹ́ gíláàsì yọ ọ́, kó fọ ojú rẹ̀, kó tún un lẹ̀, kí ọkọ̀ sì sinmi títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ bó ṣe sọ.

Kí ẹ tó náwó lórí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ wo àwọn nǹkan kéékèèké: irin ẹrù orí òrùlé, ike abẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́ tó ti ṣí, nọ́ńbà ọkọ̀ tí ṣúrúù kan ti já lára rẹ̀, ọwọ́ wáípà tó ti tẹ̀, gíláàsì ẹ̀yìn tí kò wọlé tán lókè. Tó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tan fáànù éèsì nìkan ló ń dún, fílítà inú ọkọ̀ ni kí ẹ yọ wò. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ̀yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ló máa ń wà. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ ó bá erùpẹ̀ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ni

Ibí niṣẹ́ pọ̀ sí, ibí náà ni wọ́n sì ti ń jẹ ènìyàn lówó jù. Oríṣi ohùn méjì ló wà: èyí tó ń ṣe fíìì bí ohun tó ń jò, àti èyí tó ń han gooro bí rọ́bà tó ń fara gbo irin.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó ń jò. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ń fa afẹ́fẹ́ mu. Afẹ́fẹ́ náà ń gba inú fílítà, ó ń kọjá lẹ́nu throttle (ìdérí tó ń ṣí nígbà tí ẹ bá tẹ iná), kó tó bọ́ sínú manifold (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì). Nígbà tí ẹ kò bá tẹ iná, ẹnu throttle fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ìfàmu tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì máa ń le gan-an. Tí họ́ọ̀sì kékeré kan bá ya níbẹ̀, tàbí tí gásíkẹ́ẹ̀tì manifold bá jẹ, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú súfèé. Àmì rẹ̀ ni pé ohùn náà máa ń hàn jù nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì máa ń yí padà bí ẹ bá tẹ iná. RPM lè máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì lè tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí síkáánà sì gbé kóòdù P0171 jáde. Ohun tí kóòdù yẹn ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ dákun, tí ẹnikẹ́ni bá fi P0171 nìkan ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ oxygen, ẹ ní kó kọ́kọ́ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Bí ẹ ṣe máa wá a nìyí. Ẹ gé họ́ọ̀sì rọ́bà tó gùn tó mítà kan, ẹ fi ẹnu kan sétí, ẹ máa fi ẹnu kejì rìn lórí họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan àti etí manifold, kí ó jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù. Tí ẹ bá dé ibi tó ń jò, ìró náà á ga lójijì. Kí ó lè dájú, ẹ fi ìgò afúnmi fún omi ọṣẹ díẹ̀ sí ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á fa omi náà, ohùn á sì yí padà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ má fún un sára plọ́ọ̀gì, wáyà tàbí alternator (ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì). Àwọn kan máa ń fún pẹtiróòlù tàbí ohun ìfọ ẹ́ńjìnnì tó ń gbiná dípò omi ọṣẹ. Lórí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná, iná ni wọ́n ń wá.

Ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò ni họ́ọ̀sì ńlá tó ti ara fílítà lọ sí throttle. Tí súfèé bá bẹ̀rẹ̀ kété lẹ́yìn tí wọ́n sáfíìsì ọkọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọn kò de kílíìpù rẹ̀ le tàbí pé ìdérí àpótí fílítà kò wọlé tán. Ẹ tẹ họ́ọ̀sì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí inú ìṣẹ́po rẹ̀ ló máa ń ya sí, níbi tí ojú kì í tètè rí. Họ́ọ̀sì kéékèèké sì máa ń ya lẹ́nu. Tó bá gùn tó, ẹ gé ibi tó ya kúrò, ẹ tì í padà, ẹ fi kílíìpù dè é. Èyí tó ti gan ní gbogbo ara, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Téèpù kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ tún ṣí ìdérí ibi tí à ń da epo ẹ́ńjìnnì sí bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń fà á mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, tí súfèé sì dákẹ́ bí ẹ ṣe ṣí i, PCV, fáàfù kékeré tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sínú manifold, ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò. Owó rẹ̀ kò ga nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota. Èyí tó dára nínú irú wọn máa ń mì wọ́rọ́wọ́rọ́ tí ẹ bá jì í lọ́wọ́.

Tí fíìì náà bá ń jáde láti ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bùrékì, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Brake booster ni, agolo dúdú ńlá tó wà níwájú ìtẹ̀ bùrékì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bùrékì ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà títí á fi le, ẹ fi ẹsẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá sitáàtì. Ìtẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Tí kò bá rọ̀, booster tàbí họ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń jò. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá a nílé.

Ó ku èyí tó ń han. Fáànbẹ́líìtì máa ń han jù láàárọ̀, lẹ́yìn òjò, tàbí tí ẹ bá tan éèsì. Ẹ da omi díẹ̀ sí ojú rẹ̀ tó ní ìlà-ìlà bí ó ti ń yí, láìsún mọ́ ọn. Tó bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tó tún padà, bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ ti jẹ tàbí púlè kan kò dọ́gba. Tó bá han sí i, kò le tó, tàbí kí irin tó ń fà á le ti rẹ̀. Tí omi kò bá yí i padà rárá, bíárìn púlè tàbí ti alternator ni kí ẹ wá. Kí mẹkáníìkì yọ bẹ́líìtì, kó fi ọwọ́ yí púlè kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń há tàbí tó ń dún ti jẹ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ tàbí gíríìsì pa bẹ́líìtì. Tí epo tàbí omi rédíétọ̀ bá ń kán sí i, ẹ dí ibi tó ń jò kí ẹ tó fi tuntun sí i.

Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ní turbo (ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) máa ń súfèé díẹ̀ nípa ti ẹ̀dá rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ga lójijì, tí agbára ọkọ̀ sì dínkù, ẹ yẹ àwọn họ́ọ̀sì ńlá tó so mọ́ ọn wò.

Síléńsà

Síléńsà tó lu nítòsí ẹ́ńjìnnì lè súfèé tàbí kó máa ṣe tẹ́tẹ́tẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ iná, pàápàá kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹ wá èérí dúdú lójú gásíkẹ́ẹ̀tì àti oríkèé rẹ̀ nígbà tó bá ti tutù. Gáàsì carbon monoxide tó ń jáde níbẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, ó sì ń pani. Kí ẹ tó rí wẹ́dà tó máa jó o, ẹ máa ṣí gíláàsì sílẹ̀, ẹ má sì sùn nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú éèsì. Orí fífọ́ àti òòyì tó bá mú èrò inú ọkọ̀ lójijì, ẹ dúró, kí gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀.

Táyà àti bùrékì

Ọ̀pọ̀ bùrékì páàdì ní ahọ́n irin kékeré kan tó máa ń gbo dísìkì nígbà tí páàdì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3. Ìkìlọ̀ ni ohùn yẹn. Ẹ yọ táyà, ẹ wo páàdì méjèèjì, ti inú àti ti ìta, nítorí ti inú lè ti tán kí tìta ṣì kù. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀.

Àwọn tó ń gba ọ̀nà oko tàbí ọ̀nà tí wọn kò tíì dà ní ọ̀dà máa ń ní ìṣòro mìíràn: òkúta wẹ́wẹ́ há sáàárín dísìkì àti irin pẹlẹbẹ tó bò ó lẹ́yìn, tàbí kí irin náà tẹ̀ kó máa gbo dísìkì. Ó máa ń han láìdákẹ́, ó sì lè ba ènìyàn lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí dísìkì tutù, ẹ yọ òkúta náà, ẹ fi ọwọ́ tàbí sikirú-díráífà rọra ti irin náà sẹ́yìn. Kò gba pátì kankan.

Tí ẹ bá ní láti pe mẹkáníìkì

Ẹ má kàn sọ pé “ọkọ̀ mi ń dún.” Ẹ ròyìn ohun tí ẹ rí: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti 70 ló ti ń súfèé, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná kò dákẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo lẹ téèpù mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ó lọ.” Ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kò ní í gbé ọwọ́ lé bẹ́líìtì yín. Ẹ gba pátì àtijọ́ tí wọ́n bá yọ, kí ẹ sì fojú ara yín rí ibi tó jẹ.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ padà sójú títì kan náà, ẹ sá eré kan náà, kí ẹni tó bá yín tẹ́tí lákọ̀ọ́kọ́ tún bá yín lọ. Tó bá jẹ́ họ́ọ̀sì ni wọ́n dè, ẹ tún kílíìpù rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó sì ti tutù. Tó bá jẹ́ páàdì tuntun ni, ẹ tẹ bùrékì léraléra títí á fi gbé ẹsẹ̀ yín dúró, kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.